Ìwé Aláṣọ Tí Ìyá Mi Rán ní Òkè-Ìlá

Ilé kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ilé inú àwòrán. Ìyá mi gbé ìwé ABD sókè níwájú àwọn ọmọ kíláàsì kékeré, ó na ìka sí ilé gíga kan tí ihò èéfín wà lórí òrùlé rẹ̀, tí èéfín sì ń rú jáde níbẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń kọ́lé ní ìlú òtútù. Ó ní, "Kí ni èyí?"

Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Monínúọlá dìde. Eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni. Ó wo àwòrán náà dáadáa, ẹ̀rù sì hàn lójú rẹ̀.

"Ulé ni," ó ní. "Ulé náà ń jóná!"

Ni gbogbo kíláàsì bá dìde fùú láti wo ilé tí ń jó. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá kí àwọn sá. Ìyá mi fọwọ́ lu tábìlì.

"Ẹ jókòó! Kò sí ohun tó ń jóná. Monínúọlá, kì í ṣe ulé. Ilé ni. Wí i: ilé."

"Ulé."

"Ilé."

"Ulé," ọmọ náà tún wí. Agídí kọ́ ló ń ṣe o. Ohun tí ìyá tó tọ́ ọ ń pè é nìyẹn, ohun tí gbogbo Adó ń pè é nìyẹn. Ní Èkìtì wa, ilé ni ulé, igi ni ugi, iṣu ni usu. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ní òfin tirẹ̀: ọmọ tó bá sọ èdè ilé nínú kíláàsì yóò kojú sí ògiri títí agogo yóò fi lù. Ìyá mi mú Monínúọlá lọ síbi ògiri, ó sì ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

Adéfúnkẹ́ ni orúkọ ìyá mi. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ọdún 1933 ni òun àti bàbá mi, Olúmúyìwá, wọ Adó pẹ̀lú ọkọ̀ ẹrù láti Iléṣà, nígbà tí ìjọ rán bàbá mi wá ṣe olùkọ́. Nítorí pé ìyá mi náà kàwé, tó sì mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n fi í sí kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọ náà ń pè é ní Ìyá Tíṣà, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní "ìwọ", torí pé láyé ìgbà náà, ọmọ Èkìtì kì í pe ènìyàn kan ṣoṣo ní "ẹ̀yin", àgbà tàbí ọmọdé. Ìyá mi rò pé wọn kò ní ẹ̀kọ́. Ó pẹ́ kí ó tó yé e pé wọ́n ní in, pé ó kàn jẹ́ irú mìíràn ni.

Ohun kan wà tí àwọn ará Adó kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ti sin ọmọ kan ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó máa bọ̀, ọmọkùnrin tó ti ń rákòrò. Ibà ló pa á. Bàbá mi kì í dárúkọ ọmọ náà, òun náà kì í dárúkọ rẹ̀. Ó kó aṣọ ọmọ náà sísàlẹ̀ àpótí, ó sì gbé àpótí náà wá.

Láti ọjọ́ ògiri yẹn ni Monínúọlá ti pa ẹnu dé. Ìyá mi kò tètè fura. Ó rò pé ọmọ náà ti gbọ́ràn ni. Ó ń wá sí ilé-ìwé, ó ń di síléètì rẹ̀ mú, ó ń mi orí bí wọ́n bá bi í ní nǹkan. Nígbà tí wọ́n ń kọrin ni ìyá mi tó rí i pé ètè rẹ̀ kò mì rárá. Ó sún mọ́ ọn, ó tẹ etí sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni obìnrin àgbà kan wá kan ilẹ̀kùn wa. Iṣu ńlá kan wà lórí rẹ̀. Ìyá Akínlẹ́yẹ ni, ìyá bàbá Monínúọlá, ahunṣọ ní àdúgbò Òkè-Ìlá. Èdè Adó ló fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi yóò sọ ọ́ bí yóò ṣe yé ẹni gbogbo.

"Ìyàwó Tíṣà, mo kí ọ o."

"Ẹ kú àárọ̀, ìyá. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"N kò wá jókòó." Ó sọ iṣu náà kalẹ̀. "Nígbà tí mo fa ọmọ mi lé ọ lọ́wọ́, ṣé ó ń sọ̀rọ̀ àbí kì í sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, ìyá."

"Ó ń sọ̀rọ̀! Ẹnu rẹ̀ dà bí ẹnu ẹyẹ ẹ̀gà ni. Bí mo bá ń hunṣọ, òun ni í máa pìtàn fún mi. Ní báyìí, bí ebi bá ń pa á, ikùn ló ń fọwọ́ pa. Bí oorun bá ń kùn ún, yóò kàn dìde lọ. Kí ni ẹ fún un jẹ ní ilé-ìwé yín?"

Ìyá mi ti rò pé inú kíláàsì nìkan ni ọmọ náà ti ń dákẹ́.

Ohùn ìyá àgbà náà wá rẹlẹ̀. "Orí ìkúnlẹ̀ ọmọ yìí ni ìyá rẹ̀ kú sí. Akínlẹ́yẹ ọmọ mi wà ní oko kòkó lápá Oǹdó, ìgbà tó bá rí àyè ló ń wálé. Ohùn ọmọ yìí nìkan ló kù tó ń dún nínú ilé mi." Ó tún gèlè rẹ̀ so. "Ìjà kọ́ ni mo bá wá. Iṣu rèé, kí ìwọ àti ọkọ rẹ fi jẹun."

Nígbà tí bàbá mi dé láti oko ilé-ìwé, ó bá ìyá mi níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu náà. Ìyá mi sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Òfin Ọ̀gá Bámgbóyè ni," bàbá mi wí. "Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé. Ìwọ kọ́ lo ṣe òfin."

"Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin, ṣùgbọ́n èmi ni mo mú un lọ́wọ́ lọ síbi ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ kò ju báyìí lọ, Olúmúyìwá."

Bàbá mi jókòó tì í. Ènìyàn tí kì í tètè sọ̀rọ̀ ni. Nígbà tó yá ó ní, "Má dúró dè é ní kíláàsì. Ìwọ lọ bá a nílé."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí Òkè-Ìlá bí ilé-ìwé bá ti parí. Ilé olórùlé ewé ni ilé Ìyá Akínlẹ́yẹ. Òfì rẹ̀ dúró ti ògiri nínú yàrá àkọ́kọ́, ìyá àgbà náà jókòó síwájú rẹ̀, ó ń hun kíjìpá, aṣọ nínípọn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Monínúọlá wà nísàlẹ̀ òfì, ó ń fi òwú tó já ṣeré. Bó ti rí ìyá mi, ó fà sẹ́yìn sínú òkùnkùn igun ilé.

Ìyá mi kò pè é. Ó kí ìyá àgbà, ó jókòó sórí ẹní, ó mú abẹ́rẹ́ jáde. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ní àgékù aṣọ àti òwú díẹ̀, ẹ fún mi."

Ìyá Akínlẹ́yẹ wò ó fínnífínní, ó sì ju àgékù kíjìpá funfun kan sí i, àti òwú aláró, àti òwú tí wọ́n fi osùn rẹ di pupa. Kò bèèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ilé ni ìyá mi kọ́kọ́ rán. Kì í ṣe ilé gíga inú ìwé ABD o. Ilé pẹlẹbẹ ni, olórùlé ewé, ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó ń lọ, ó fi aṣọ náà sílẹ̀ lórí ẹní. Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti gbé aṣọ náà kúrò níbi tó fi í sí, wọ́n ti fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Ìyá mi tún mú àgékù mìíràn.

Ó rán ìyá adìẹ ńlá, ó wá to òròmọdìẹ wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó rán ológbò nínú agbọ̀n, ó tún rán ológbò kan náà tó ti bọ́ síta, tí ìrù rẹ̀ dúró gán-án. Ó rán ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó rán méjì, ó rán mẹ́ta. Ó rán ìkòkò aláró, ìkòkò pupa, ìkòkò tí kò lówú nínú rárá tó jẹ́ funfun. Ó rán iná lábẹ́ ìkòkò. Ó rán ọmọ tó wà lórí igi àti ọmọ tó wà nísàlẹ̀ igi, tí ó na ọwọ́ sókè. Kò kọ lẹ́tà kankan sí i. Nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni, lẹ́tà ló máa ń ṣáájú, àwòrán á wá máa tẹ̀ lé e bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyá mi fẹ́ kí àwòrán dá dúró, kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ pè é.

Díẹ̀díẹ̀ ni Monínúọlá ń sún mọ́ ọn. Ó kúrò ní igun ilé, ó wá sí ẹsẹ̀ òfì. Ó kúrò ní ẹsẹ̀ òfì, ó wá sí etí ẹní. Lọ́jọ́ tí ìyá mi rán òròmọdìẹ tó kẹ́yìn, tó rán an jìnnà sí àwọn yòókù, ọmọ náà na ìka, ó fi tọ ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ òròmọdìẹ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì tún tọ ọ̀nà náà, ó tún un tọ̀. Kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí àwọn ojú ìwé náà pọ̀ tó, ìyá mi gbé wọn lé ara wọn, ó fi òwú nínípọn gán ẹ̀gbẹ́ kan pọ̀. Ó di ìwé. Ó ṣí i sí ojú àkọ́kọ́, ó fi ìka lé ilé olórùlé ewé, ó sì gbìyànjú láti pe é bí wọ́n ṣe ń pè é ní Adó. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ẹnu rẹ̀ kò bá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé rí. Ó wí i bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

"Wulé," ó ní.

Monínúọlá wo ẹnu rẹ̀.

"Wu-ulé," ìyá mi tún wí.

"Ulé," ọmọ náà wí.

Òfì dákẹ́. Ìyá Akínlẹ́yẹ kò yíjú padà. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín òwú, kò fẹ́ ṣe ohunkóhun tí yóò lé ohùn náà padà.

"Ulé," ìyá mi wí.

"Ẹn-ẹ́n." Monínúọlá ṣí ojú ìwé náà fúnra rẹ̀. Ó na ìka sí igi. "Ugi." Ó dúró kí olùkọ́ rẹ̀ wí i. Ìyá mi wí i. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìyá mi kò pè é dáadáa, ó sì ní kí ó tún un wí. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi rẹlẹ̀, tíṣà ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ọmọ tí kò léyín iwájú. Ìyá mi sọ fún mi pé nígbà tí òun dìde láti máa lọ, òun rí i pé iwájú ìró ìyá àgbà náà ti tutù fún omijé.

Ìgbà tó sìn ín dé ojú ọ̀nà ni Ìyá Akínlẹ́yẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìwọ náà ní ohun tí o ń dákẹ́ sí. Oyún wà nínú rẹ."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ sókè."

"Kí ló dé?"

Ibẹ̀, lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá, tí àwọn ènìyàn ń bọ̀ láti Ọjà Ọba pẹ̀lú ẹrù lórí, ni ìyá mi ti sọ ọ̀rọ̀ ọmọ tó sin. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti yọ̀.

Ìyá Akínlẹ́yẹ kò sọ fún un pé kó má sunkún. Ohun tó bi í ni pé, "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Ayọ̀kúnlé."

"Ayọ̀kúnlé," ìyá àgbà náà wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ọmọ náà dúró níwájú wọn. "O kú ìrọ́jú. O kú ìrọ́jú, ọmọ mi." Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Abẹ́òkúta, ẹnìkan kò tíì pe orúkọ náà kí ìyá mi gbọ́.

Ìyá mi mú ìwé aláṣọ náà lọ sí kíláàsì. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ẹní, àwọn ọmọ yí i ká, oníkálukú ń fi ẹnu ilé rẹ̀ dárúkọ ohun tó rí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìyá mi á wá kọ ọ̀rọ̀ ìwé sára pátákó: ilé, igi, iná. Ó ní, "Báyìí ni wọ́n ṣe ń pè é nínú ìwé." Ariwo wọn ló gbé Ọ̀gá Bámgbóyè wá.

Ọkùnrin gíga ni, aṣọ rẹ̀ kì í rún rárá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ "ulé", ó gbọ́ "usu". Ó ní kí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré.

"Ìyàwó Olúmúyìwá, kí ni mo ń gbọ́ yìí?"

"Ìwé aláwòrán ni, sà. Mo rán an fún wọn."

"Mo rí i. Èdè tí ẹ fi ń kà á ni mò ń bi yín." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin rò pé mo kórìíra èdè ìyá mi. Ọmọ Ìjerò ni mí. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo dìde láti kàwé, mo pe ilé ní ulé. Títí mo fi parí níbẹ̀ ni wọ́n ń pè mí ní Ulé. 'Ulé, bọ́ síbí. Ulé, gbálẹ̀.' N kò fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ìkankan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ìdí òfin náà nìyẹn."

Ìyá mi kò retí èyí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó ní. "Ohun tí wọ́n ṣe fún yín kò dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà jẹ Monínúọlá níyà, èmi ni. Ọmọ náà dákẹ́ dé ilé. Bó bá ti mọ orúkọ ohun kan lẹ́nu ẹni tó tọ́ ọ, ó ti mọ̀ ọ́n náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a gba ohun tó gbé wá lọ́wọ́ rẹ̀ ná, kí a tó fún un ní tiwa."

Ọ̀gá Bámgbóyè mú ìwé náà, ó jókòó sórí àga pẹlẹbẹ àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó ń ṣí i lójú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi iná tó wà lábẹ́ ìkòkò, ó dúró.

"Uná," ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó pa ìwé náà dé, ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, "Lórí ẹní, kí wọ́n máa pè é bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Lórí pátákó, ọ̀rọ̀ ìwé ni kí ẹ kọ, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ìwé ni wọn yóò fi dáhùn ìdánwò." Ó dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó fi kún un pé, "Kí ẹnikẹ́ni má kojú sí ògiri mọ́." Kò yin ìyá mi, kò sì tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

Nígbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí mi. Ìyá mi ti ń rọbí láti òwúrọ̀, ẹ̀rù sì ti bà á débi pé kò fẹ́ fọwọ́ kan àwọn aṣọ ọmọ tó wà nísàlẹ̀ àpótí. Ìyá Akínlẹ́yẹ fi òfì rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fi àyà gbé e ró, ó ń sọ fún un pé, "Mo wà níbí. Mo wà níbí." Ọ̀sán gangan ni mo ké. Ìyá àgbà náà fúnra rẹ̀ ló ṣí àpótí, ó mú ẹ̀wù kékeré kan jáde, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì wò mí lójú.

"Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni," ó ní. "Kò ní bínú."

Lọ́jọ́ ìkómọ, òun náà fún mi lórúkọ. Folúkẹ́ ni orúkọ tó sọ mí, orúkọ náà ni mo sì ń jẹ́ títí di òní.

Ìwé aláṣọ náà kò pẹ́ láyé. Ọwọ́ ọmọdé pọ̀ lára rẹ̀, àtọwọ́ elépo àtọwọ́ eléèpẹ̀. Ìyá mi ń fọ̀ ọ́, ó ń lẹ̀ ẹ́, aró ń ṣí, osùn ń ṣí, títí tí a kò fi mọ ìkòkò pupa yàtọ̀ sí ìkòkò aláró mọ́. Ó rán òmíràn, èyíinì náà gbó. Òmíràn wà tí àwọn ìyá ọmọ bá a rán, tí ọmọ inú rẹ̀ sì ní ìka púpọ̀ jù, ìyá mi kò sì jẹ́ kí wọ́n tú u, nítorí pé àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa ka ìka náà.

Mo ti tó ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n lọ sí ilé-ìwé nígbà tí Monínúọlá bọ́ sí kíláàsì òkè. Eyín rẹ̀ ti pé. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀, èmi lẹ́yìn rẹ̀, bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni Monínúọlá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sáré gba iwájú wa kọjá, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Kò kí ìyá mi. Kò tilẹ̀ rí i. Bàbá mi fẹ́ pè é padà pé kó wá kúnlẹ̀ kí ìyá tíṣà rẹ̀, ìyá mi di apá rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀ jàre," ó ní. "Jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀."

Ní òdìkejì pápá, a gbọ́ tí Ọ̀gá Bámgbóyè ń ké, "Monínúọlá! Ariwo rẹ pọ̀ jù!" Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, èmi náà sì ń mì tìtì lẹ́yìn rẹ̀.